Ẹrù mi padà láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà: ìwé wo gan-an ló yẹ kí n ní kí ó tó wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà?

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Mo kí gbogbo ilé o. Àdìrẹ ni mo ń ṣe ní Ìtòkú, láti ìgbà tí ìyá mi ti fà á lé mi lọ́wọ́. Àbúrò mi obìnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Houston, ó sì ní kí n fi bàálù kó ọjà ránṣẹ́ kí ó lè bá ọdún. Mo di páálí méje: mẹ́rin jẹ́ àdìrẹ, méjì jẹ́ èlùbọ́, ọ̀kan yòókù sì jẹ́ ìlù dùndún mẹ́fà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn onílù ní Ọ̀yọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 143 lórí ìwọ̀n.

Ẹ́jẹ̀ńtì tí wọ́n júwe fún mi gba ẹrù, ó gba owó, ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta yóò dé. Ní ọjọ́ kẹfà ni ó pè mí pé ẹrù ti padà láti ṣẹ́ẹ̀dì ẹrù ní pápákọ̀, àlàyé tí ó sì ṣe kò yé mi. Ó ní n kì í ṣe known shipper, ìyẹn olùfiránṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀, nítorí náà ẹrù mi kò lè wọ bàálù tó ń gbé èrò. Ó ní ẹ̀rọ ké lórí páálí èlùbọ́ kan. Ó ní ìlù kò ní ìwé, ó sì tún ní Amẹ́ríkà ti fèsì pé kí wọ́n má gbé e rárá. Nígbà tí mo wo waybill, ìwé tó ń bá ẹrù rìn, tí ó fi ránṣẹ́ sí mi, "ẹ̀bùn àti ẹrù ara ẹni" ni ó kọ fún páálí méjèèje, bẹ́ẹ̀ mo ka ohun tó wà nínú wọn fún un níkọ̀ọ̀kan. Ní báyìí ó ní kí n mú owó mìíràn wá kí òun lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni òfin ìjọba ní tòótọ́, èwo sì ni ẹ́jẹ̀ńtì ń ti ọkàn ara rẹ̀ sọ?

Àkànní Ọlọ́jà, Muṣin

Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ti mọ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ wọn sí ipò olùfiránṣẹ́ lórí waybill, kí ẹ sì fún wọn ní ohun díẹ̀. Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹrù sì ń lọ.

Bàbá Ẹrù, Ìkẹjà

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àfaradà. Ó tó ọdún 14 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ẹrù ní àgbègbè Hajj and Cargo. Kí n tó dá yín lóhùn, mo bẹ Àkànní, kí ó jọ̀wọ́ yọ ìmọ̀ràn yẹn kúrò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí waybill gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́ ni ìjọba yóò kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá rí ohun burúkú nínú páálí kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA máa ń fi ọwọ́ tú ẹrù tó ń jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti bá òògùn olóró nínú oúnjẹ àti aṣọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé-iṣẹ́ tó yá ènìyàn ní orúkọ rẹ̀ fi ọrùn ara rẹ̀ dúró fún ẹrù tí kò rí, ẹni tó sì yá orúkọ náà ti parọ́ fún ìjọba méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òfin wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá sílẹ̀ láti fi gba owó lọ́wọ́ yín. Ìdí wọn wà nínú ìwé kan tí àjọ ICAO, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, gbé jáde ní 1974, Annex 17, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà fọwọ́ sí pé àwọn yóò fi dáàbò bo ọkọ̀ òfuurufú. Ní December 1988, bọ́ǹbù tí wọ́n fi pamọ́ sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì já bàálù kan lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn 270 ní Lockerbie ní ilẹ̀ Scotland. Nínú ẹrù èrò ni ìyẹn wà. Ní October 2010 ni wọ́n wá rí bọ́ǹbù méjì nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Yemen sí Chicago gẹ́gẹ́ bí ẹrù lásán. Wọ́n ká ọ̀kan mọ́ ní East Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ká èkejì mọ́ ní Dubai. Láti ìgbà náà ni ojú ìjọba Amẹ́ríkà ti wà lára páálí kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó dì í.

Ọ̀rọ̀ known shipper tí ẹ́jẹ̀ńtì yín sọ, ó gbé e gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀. Àwọn TSA, tó ń bójú tó ààbò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, ló ní àtòjọ náà, fún ẹrù tó ń wọ bàálù èrò ní pápákọ̀ òfuurufú tiwọn lọ́hùn-ún. Aláró ní Ìtòkú kò lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tí òfin mọ̀ ni aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí láti bójú tó ààbò ẹrù, àti olùfiránṣẹ́ tí wọ́n ti yẹ ibi ìdìpọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, ẹrù rẹ̀ kò di èèwọ̀. Ó kàn ní láti gba inú àyẹ̀wò kọjá ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni. Láti December 2012 ni Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé gbogbo ẹrù tó bá wà nínú bàálù èrò tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kí ó tó gbéra, láìku ẹyọ kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé Amẹ́ríkà fèsì. Ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ACAS, ó sì ti di dandan láti June 2018. Kí wọ́n tó gbé ẹrù sínú bàálù rárá, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti àdírẹ́sì olùfiránṣẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò gbà á, ohun tí ẹrù náà jẹ́, iye páálí, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà waybill ránṣẹ́ sí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wọn. Ìdáhùn mẹ́ta ló lè ti ibẹ̀ wá. Wọ́n lè ní kí a ṣàlàyé sí i, wọ́n lè ní kí a tún ẹrù náà yẹ̀ wò lákànṣe, tàbí kí wọ́n ní kí a má gbé e. Ìkẹta yìí ṣọ̀wọ́n gidigidi, nítorí ìgbà tí wọ́n bá gbà pé ewu wà nínú ẹrù náà ni wọ́n ń lò ó, bí ó bá sì jẹ́ òun ni, ẹrù yín kì bá tí padà sọ́wọ́ ẹ́jẹ̀ńtì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dá mi lójú pé èkínní ni. Ẹni tó kọ "ẹ̀bùn àti ẹrù ara ẹni" sórí kílò 143 kò sọ nǹkan kan fún wọn.

Ẹ sọ fún un kí ó tún ìwé náà kọ. Kí ó kọ ọ́ pé aṣọ òwú ni, pé ọwọ́ ni a fi pa á láró, iye ẹ̀yọ tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ohun kan náà ni kí ó wà nínú ìwé iye owó ọjà, nínú àtòjọ ẹrù àti lórí waybill. Bí ọ̀kan bá ní páálí méje, tí òmíràn ní mẹ́fà, àyẹ̀wò náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún èlùbọ́, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí fáítò, tó ń fi hàn pé kòkòrò àti àrùn kò sí lára ohun ọ̀gbìn, Amẹ́ríkà kò ní béèrè ju ìyẹn lọ. Owó tí ó ní kí ẹ mú wá láti fi bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má san án.

Adúkẹ́ ní Houston

Àlàyé Bàbá Ẹrù dára púpọ̀, ẹ ṣeun sà. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Bí ẹ ṣe sọ ọ̀rọ̀ known shipper gan-an ló rí, nítorí ẹni tí a kò bá mọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, bàálù akẹ́rù nìkan ni ẹrù rẹ̀ lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ ṣe àtúnṣe kan nínú ọ̀rọ̀ yín. Fáítò nìkan kò lè mú èlùbọ́ wọlé síhìn-ín. Oúnjẹ ni, àwọn FDA ló sì ń bójú tó oúnjẹ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2002 lórí ìpániláyà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kó oúnjẹ wọlé gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Fún ẹrù tó gba òfuurufú, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kí ó tó balẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti lọ èlùbọ́ náà tí wọ́n sì ti dì í gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA pẹ̀lú, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun, láàárín October sí December ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì dọ́gba.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé oúnjẹ tí ènìyàn sè nílé kò nílò ìkìlọ̀ náà. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú ilé rẹ̀ tí ó sì fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹnì kan. Àbúrò yín ní ṣọ́ọ̀bù, Mà, títà ni yóò tà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́jẹ̀ńtì kankan kọ "ẹ̀bùn" sórí rẹ̀ láti fi sá fún ìwé.

Ohun kan tún wà. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí iye owó rẹ̀ kò bá ju dọ́là 800 lọ ń wọlé láìsan owó ibodè, àwọn kan a sì máa pín ọjà wọn sí wẹ́wẹ́ nítorí rẹ̀. Láti 29 August 2025 ni ìjọba ti dá ìyẹn dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ iye tí aṣọ náà jẹ́ ní tòótọ́, kí àbúrò yín sì ti mọ iye tí yóò san.

Bàbá Ẹrù, Ìkẹjà

Adúkẹ́, o ṣeun, ọmọ mi. Òtítọ́ ni o sọ, mo gba àtúnṣe náà. Ìhà tiwa ni mo ń wò nígbà tí mo sọ pé fáítò tó.

Alélùbọ́, Ṣakí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ẹ̀rọ tó ké, bóyá ohun kan náà ló ṣe Ìyá Aláró. Mo gbé èlùbọ́ mi lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n dúró níbi tí mo ti lè wò ó láti ọ̀ọ́kán. Lójú ẹ̀rọ X-ray, gbogbo àpò náà hàn bí ọsàn pípọ́n, èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ àwọ̀ gbogbo ohun tó ti inú igi, oúnjẹ tàbí ẹran wá. Ó ki débi pé a kò lè rí ohun tó wà láàárín rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá wọ ìbọ̀wọ́, ó mú aṣọ pélébé funfun kan tó gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ìka ọwọ́ méjì, ó fi nu ẹnu àpò, ó fi nu ìdí rẹ̀, ó sì fi aṣọ náà sí ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan. Ẹ̀rọ náà ké, iná pupa tàn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Àṣé àpò ni. Àpò ajílẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fọ̀ tí wọ́n sá, tí wọ́n wá kó èlùbọ́ sí. Ohun tó wà nínú ajílẹ̀ jọ ohun tí àwọn aṣebi fi ń ṣe bọ́ǹbù, fífọ̀ lásán kò sì lè mú un kúrò tán. Wọ́n tú èlùbọ́ náà sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n tún un nù, wọ́n sì rí i pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí wọ́n ti tú sílẹ̀ kò ṣe é kó fún oníbàárà mọ́. Ká tilẹ̀ fi ti ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, oúnjẹ tí a óò jẹ kò yẹ kó wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo àpò tí àwọn tó ta èlùbọ́ fún yín lò, Ìyá. Àpò tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn sí inú rẹ̀, kí ẹni tó sì ń ru ajílẹ̀ lóko má fi ọwọ́ kan náà di páálí.

Lórí fáítò, àwọn NAQS, àjọ ìjọba wa tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ló ń fún ènìyàn, wọ́n sì ní ibùdó ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí èlùbọ́ náà fúnra wọn. Ẹ́jẹ̀ńtì tó bá ní òun yóò bá yín gbà á láìgbé ọjà dé iwájú wọn, ẹ sá fún un.

Àyànwálé, Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo mọ̀, nítorí iṣẹ́ ilé wa ni. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í rò papọ̀, nítorí pé ìlù jẹ́ igi, ó jẹ́ awọ, ó sì jọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣúra ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM. Ìlù tí a gbẹ́ ní oṣù tó kọjá kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n báwo ni òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù yóò ṣe mọ̀? Nítorí náà ni a fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ NCMM kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì kọ ìwé pé iṣẹ́ tuntun ni. Ẹ ya fọ́tò ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ fi rà á dání.

Ní ti igi, igi ọ̀mọ̀ tàbí apá ni a sábà fi ń gbẹ́ dùndún. Apá wọ inú àtòjọ CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022. Gẹdú, pákó àti irú wọn ni òfin náà mú, kò mú ìlù tí a ti gbẹ́ tán, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó rí orúkọ apá lè dá yín dúró láti béèrè. Ẹ bi onílù tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè irú igi tó jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí.

Awọ ló le jù. Awọ ewúrẹ́ ni, a kì í sì fi oògùn pa á láwọ̀ bí awọ bàtà. Sísá ni a ń sá a, tí a ó sì ha á. Ní 2006, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù ní New York kó àrùn anthrax láti ara awọ ewúrẹ́ tí ó gbé wá láti Côte d'Ivoire. Láti ìgbà náà ni ojú wọn ti le sí awọ tútù àti awọ gbígbẹ láti ilẹ̀ wa. Kí àbúrò yín kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ẹran àti ohun ọ̀gbìn ní Amẹ́ríkà kí ìlù tó kúrò ní Nàìjíríà, kí wọ́n sọ ìwé tí wọ́n fẹ́ láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ibi tí oníbàárà mi kan kò ti béèrè ṣáájú, wọ́n gba awọ náà, wọ́n dáná sun ún, igi lásán ni wọ́n gbé fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ kan àpótí fún ìlù náà, ẹ má lo pákó tí káfíńtà rí nítòsí. Pákó ìdìpọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba iná títí inú rẹ̀ fi gbóná dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, kí òǹtẹ̀ tó ní àwòrán ṣírí ọkà sì wà lára rẹ̀. Páálí tó nípọn ló rọrùn jù.

Nítorí pé ẹ̀yin kò sí níbẹ̀, ẹ má ro pé ẹ̀tanú ni bí wọ́n bá tú ìlù. Mo rí àwòrán ìyáàlù mi lójú ẹ̀rọ rí. Ṣaworo tó wà létí rẹ̀ hàn bí ẹyọ irin aláwọ̀ búlúù tó tò yíká, ọsán rẹ̀ rí bí okùn wáyà tó ti òkè dé ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni tí kò mọ ìlù rí, kí ni yóò rò? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lù ú fún wọn, wọ́n sì gbà.

Àkànní Ọlọ́jà, Muṣin

Mo ti gbọ́ ti Bàbá Ẹrù, mo sì tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. N kò mọ̀ pé ó tó báyìí. Ṣùgbọ́n wàhálà Ìkẹjà yìí pọ̀ jù. Ṣé kò ní rọrùn bí Ìyá bá fi mọ́tò kó ẹrù náà lọ sí Kùtọnù, kí ó ti ibẹ̀ wọ bàálù?

Ọmọ Àjàṣẹ́, Pọ́tónóvò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú tí mo bá ta kò ó. Èlùbọ́ tí wọ́n ṣe ní Ṣakí kò di ti Benin nítorí pé ó sùn ní Kùtọnù. Orílẹ̀-èdè tí ohun ọ̀gbìn ti hù ló ń fún un ní fáítò. Bí ó bá kọjá lọ́dọ̀ wa, ìwé àtúnkójáde ni ìjọba wa lè fi kún un, wọn yóò sì tún béèrè ti Nàìjíríà kí wọ́n tó ṣe ìyẹn. Ìwé tí ẹ ń sá fún, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ẹ óò bá pàdé, pẹ̀lú ibodè Sẹ̀mẹ̀ láàárín. ACAS tí Bàbá Ẹrù sọ kò sì yọ Kùtọnù sílẹ̀, nítorí ibi tí ẹrù ń lọ ni wọ́n ń wò.

Táíwò Oníwèé, Ìbàdàn

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ọjà títà ni èyí, nítorí náà òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà wa ní kí ẹ gba fọ́ọ̀mù NXP, tí a fi ń kéde ọjà tó ń jáde, nípasẹ̀ báńkì yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kíkó ọjà jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó ọjà jáde. Owó ọjà náà sì gbọ́dọ̀ padà wọlé láàárín ọjọ́ 180.

Àkànní Ọlọ́jà, Muṣin

Kílò 143 lásán? N kò tíì rí ẹni tí wọ́n béèrè NXP lọ́wọ́ rẹ̀ lórí irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Táíwò Oníwèé, Ìbàdàn

Bí wọn kò bá béèrè lónìí, òfin kò yí padà. Kò sí ìwọ̀n kílò nínú rẹ̀ rárá, bí ẹrù náà bá ṣe jẹ́ ti òwò tàbí kò jẹ́ ti òwò ni wọ́n ń wò. Ní ọjọ́ tí Ìyá bá sì fẹ́ yá owó fún òwò rẹ̀, àwọn ìwé NXP yẹn ni yóò fi hàn pé lóòótọ́ ni òun ń kó ọjà jáde.

Ẹ tún fi èyí kún un, nítorí ẹ́jẹ̀ńtì tí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ kò jọ mí lójú. Nọ́ńbà waybill ní ẹ̀yọ mẹ́ta tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yọ mẹ́jọ sì tẹ̀ lé e. Ẹ mú ẹ̀yọ méje àkọ́kọ́ nínú mẹ́jọ náà, ẹ pín in sí ọ̀nà méje. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ẹ̀yọ kẹjọ. Bí méje náà bá jẹ́ 1234567, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ 5, nítorí náà 12345675 ni yóò jẹ́. Nọ́ńbà tó bá fi 7, 8 tàbí 9 parí kì í ṣe waybill gidi rárá.

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Nọ́ńbà náà bá ìṣirò mu, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè kan ṣì kù. Nígbà tí mo ń rántí ohun tó wà nínú páálí, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́wọ́ pé òun fi power bank méjì sí àárín àdìrẹ, láti fi ṣe ẹ̀bùn fún àǹtí rẹ̀. Ṣé ìyẹn burú?

Bàbá Ẹrù, Ìkẹjà

Ó burú o, Ìyá. Ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bátìrì lithium-ion tó dá wà, tí kò sí nínú fóònù tàbí ẹ̀rọ mìíràn, UN3480 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹrù eléwu, power bank sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láti 1 April 2016 ni ó ti di èèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàálù èrò. Bàálù akẹ́rù nìkan ló lè gbé e, bí agbára tó wà nínú rẹ̀ kò bá ju ìdá 30 nínú 100 lọ, pẹ̀lú ìdìpọ̀ àti àmì tirẹ̀. Bí ó bá gbiná nínú ikùn bàálù, ohun tí wọ́n fi ń pa iná níbẹ̀ kò lè dá a dúró. Ká ní wọ́n bá a nínú páálí tí ẹ pè ní aṣọ, ẹ̀sùn ẹrù eléwu tí a fi pamọ́ ni wọn yóò kà sí yín lọ́rùn.

Adúkẹ́ ní Houston

Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ níhìn-ín, kí ó fi sínú àpò tí yóò gbé lọ́wọ́ wọ bàálù. Èyí tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí jẹ́ Wh 37 (Wh ni ìwọ̀n agbára tó wà nínú bátìrì), 20,000 sì jẹ́ Wh 74. Ààlà tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kọjá láìgba àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni 100.

Sùnmọ́nù, Peckham

Fún àwọn tó ń ka èyí tí London jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù lọ, ètò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yẹ̀ wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní àmì ACC3, ìyẹn àṣẹ ààbò láti kó ẹrù wọlé, fún pápákọ̀ tí wọ́n ti ń gbé ẹrù, ìyẹn Ìkẹjà. Ẹ bi ẹ́jẹ̀ńtì yín bóyá ọkọ̀ tí ó fẹ́ lò ní in. Ẹran kò wọlé níhìn-ín rárá, ìbáà ṣe kílíṣí tàbí pọ̀nmọ́ gbígbẹ.

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé ó yẹ kí n padà wá jíyìn fún yín.

Èmi àti ọmọ mi lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì fúnra wa. Bí Alélùbọ́ ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Nígbà tí a yí àpò èlùbọ́ náà sódì, àmì ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ṣì hàn fírífírí nínú rẹ̀. Mo kó páálí èlùbọ́ méjèèjì padà wálé, n kò sì ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àbúrò mi ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, ibẹ̀ ni a óò ti máa rà á láti ìsinsìnyí lọ.

Mo gba ẹrù mi kúrò lọ́wọ́ ẹ́jẹ̀ńtì àkọ́kọ́, ó dá owó díẹ̀ padà. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, báńkì mi sì ṣe NXP fún páálí àdìrẹ mẹ́rin náà. A kọ ohun tó wà nínú wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ẹrù ṣe sọ, ẹyọ 120, oríṣi mẹ́ta, pẹ̀lú iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa láti Amẹ́ríkà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra, Ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi gbà wọ́n, lẹ́yìn tí ó san owó ibodè. Ó ya fọ́tò wọn sí mi. Wọ́n ti ṣí páálí kan, wọ́n sì fi téèpù tí wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ wọn sí dì í padà. Ẹyọ aṣọ kan kò sọnù.

Àwọn ìlù ṣì wà lọ́dọ̀ Àyànwálé. Àwọn NCMM ti wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ti fún wa ní ìwé. Ìwé dókítà ẹran ni a ń retí báyìí.